Àṣírí Tí Onílé Ò Gbọ́

Ẹ má kà á sókè o. Ọ̀rọ̀ àṣírí ni.

Ní oṣù kìíní ọdún 2010, iléeṣẹ́ ìjọba Nàìjíríà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ epo rọ̀bì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ P&ID. Ìjọba ni yóò fa gáàsì wá; P&ID ni yóò kọ́ ibi tí wọn yóò ti máa ṣe gáàsì ọ̀hún ní Calabar, fún ọdún 20. Gáàsì ò dé. Búlọ́ọ̀kù ẹyọ kan ò nàró. Ohun tó wá dé ni owó gbà-má-bínú: lọ́dún 2017, ìgbìmọ̀ onílàjà ẹlẹ́ni mẹ́ta tó gbọ́ ẹjọ́ tí P&ID pe Nàìjíríà ní London ní kí Nàìjíríà san bílíọ̀nù 6.6 dọ́là, kí èlé ìdá 7 nínú 100 sì máa gorí ẹ̀ lọ́dọọdún. Mo ṣírò ẹ̀. Èlé nìkan ju mílíọ̀nù 1 dọ́là lọ lójúmọ́. Ẹ̀yin ń sùn, owó yẹn ń bímọ.

Àwa tí wọ́n fẹ́ kó san án ò sì gbọ́ nǹkan kan. Inú yàrá ni wọ́n ti ń ṣe irú ìlàjà bẹ́ẹ̀; oníròyìn ò gbọdọ̀ yọjú. Bí oníṣòwò méjì bá ń jà lórí àpò sìmẹ́ǹtì, mo gbà, kí ni ti aládùúgbò níbẹ̀? Àmọ́ owó wa lèyí. Ìjọba yìí kan náà ló ṣòfin lọ́dún 2011 pé ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé ìjọba. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gbé ẹjọ́ náà lọ síwájú àwọn onílàjà. Òfin ọ̀hún ṣì tuntun nígbà náà, bóyá wọn ò fẹ́ kó tètè dọ̀tí.

Ọ̀pọ̀ wa, ọdún 2019 la tó gbọ́, nígbà tí adájọ́ kan ní London ní P&ID lè fi agbára òfin gba owó náà.

Ibi tó ti wá dùn nìyí. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 2023, tí gbèsè náà ti lé ní bílíọ̀nù 11, Adájọ́ Robin Knowles ní jìbìtì ni wọ́n fi gba ìdájọ́ àwọn onílàjà yẹn. Ó ní P&ID fún òṣìṣẹ́ ìjọba lábẹ̀tẹ́lẹ̀, wọ́n sì jẹ́rìí èké. Ìwé àṣírí tí agbẹjọ́rò Nàìjíríà ń kọ sí Nàìjíríà ńkọ́? Ọwọ́ P&ID ló wà, tí wọ́n ń kà á bí ìwé ìròyìn òwúrọ̀, nígbà tí ẹjọ́ ń lọ lọ́wọ́! Ilẹ̀kùn tí wọ́n tì yẹn, àwa nìkan ló tì mọ́ta. Adájọ́ náà fúnra ẹ̀ sọ pé nítorí pé ìkọ̀kọ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, kò sí ará ìlú tàbí oníròyìn tó rí ohun tó ń lọ, tàbí iṣẹ́ tó yẹ ní ṣíṣe tí wọn ò ṣe. Ó ní àwọn agbẹjọ́rò tiwa ò ṣiṣẹ́ wọn bó ṣe yẹ. (Ẹni tó ń tòògbé nínú yàrá tí wọ́n tì, ta ni yóò jí i?)

Nítorí náà, bí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ bá tún wà nílẹ̀ báyìí, n ò ní kọ lẹ́tà sí Abuja. Iléeṣẹ́ tó pè wá lẹ́jọ́ ni mo máa kọ ọ́ sí: ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ bá wa ṣe ẹ̀dà kan nínú ìwé wa tó wà lọ́wọ́ yín.