Báàjì Kan, Ojú Méjì

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun à ń pariwo. Ṣé ẹ ti gbọ́ ohun tí àwọn kan ń ṣe nídìí iṣẹ́ káàbù ní London? Ẹnì kan ló ni báàjì tó fún un láṣẹ láti gbé èrò, ẹlòmíì ló ń wa ọkọ̀! Ọkọ tó ni báàjì á ṣiṣẹ́ lójúmọmọ. Bílẹ̀ bá ṣú, àbúrò ìyàwó á gba kọ́kọ́rọ́ àti fóònù, á máa gbé èrò kiri lórúkọ ẹni tó ń hanrun nílé. Onítọ̀hún á tún gbowó ọ̀sẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀! Tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, àwọn méjèèjì á jókòó síwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọn á yọ ìdámẹ́wàá nínú ẹ̀. Ó mà ṣe o!

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àwọn ò mòfin. Kí TfL, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà ní London, tó fúnni ní báàjì, èèyàn gbọ́dọ̀ pé ọmọ ọdún 21, kó ti ní ìwé ìwakọ̀ fún ọdún 3, kí wọ́n wádìí ìlera rẹ̀, kí wọ́n sì wò ó bóyá ó ti dáràn rí. Èwo ni àbúrò ìyàwó ṣe níbẹ̀?

Àbí ẹ rò pé àsọdùn ni? Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, TfL fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ síta pé àwọn kan ti lẹ fọ́tò ara wọn mọ́ àkáǹtì awakọ̀ Uber mìíràn, wọ́n sì gbé èrò bẹ́ẹ̀ ní ìgbà 14,000, ó kéré tán. TfL wá kọ̀ láti sọ líséńsì iléeṣẹ́ Uber dọ̀tun. Ilé ẹjọ́ ló dá a padà fún un lọ́dún 2020.

Wọ́n á ní, “Ìwé ọmọ náà ò tíì pé, ẹ jẹ́ kó rí nǹkan jẹ.” Àánú wá nìyẹn? Ọmọ ọlọ́mọ tó ń ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ ńkọ́, tó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ pẹ̀lú ẹni tí ẹnikẹ́ni ò wádìí? Ká ní ọmọ tiwọn ni, ṣé wọ́n á gbà?

Èmi ò dárúkọ o. Ṣùgbọ́n ẹni tọ́rọ̀ bá bá wí, kó yáa lọ gba báàjì rẹ̀ lọ́wọ́ àna, kí TfL tó gbà á lọ́wọ́ òun náà.