Jẹ́sì Là Ń Kí

Agbábọ́ọ̀lù kan jókòó sórí koríko létí pápá, ó ń tú okùn bàtà rẹ̀ wàràwàrà. Èyí tó fẹ́ rọ́pò rẹ̀ dúró tì í láìwọ bàtà, ó ń retí. Bàtà ọ̀hún tóbi jù ú lọ. Ìwé ìròyìn ló kì bọ imú rẹ̀ kó tó dúró lẹ́sẹ̀. Kó tó so okùn tán, wọ́n ti gbá góòlù kẹrin sáwọ̀n àwọn mẹ́wàá tó kù. Ìyá ẹlẹ́pà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bi mí pé, "Ṣé agbábọ́ọ̀lù ni wọ́n ń pààrọ̀ ni àbí bàtà?"

Láàárín Òṣogbo sí Iléṣà níhìn-ín ni ilé ẹ̀kọ́ gíga tó ni àwọn agbábọ́ọ̀lù yìí wà. N kò ní í dárúkọ rẹ̀, nítorí àwọn ọmọ tó ń sá lórí pápá. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́fà ló wà fún wọn lọ́dún tí mo lọ wò wọ́n: wọ́n fìdí rẹmi nínú márùn-ún, òjò ló gbà wọ́n lọ́wọ́ ẹ̀kẹfà.

Àmọ́ ẹ wá wo jẹ́sì lọ́rùn wọn! Ó ń kọ mànà. Orúkọ oníkálukú wà lẹ́yìn, orúkọ ọ̀gá tó rà á wà níwájú gàdàgbà. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i lójú, wọ́n ta kánópì, wọ́n gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n gba ti ìparí, àwọn àlejò pàtàkì jẹun yó. Àwọn agbábọ́ọ̀lù, tí wọ́n fi ṣe igi ìfaṣọkọ́, mu omi inú ọ̀rá.

Mo bi ọ̀kan nínú àwọn aláṣẹ pé bàtà ńkọ́. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé bàtà máa ń hàn nínú fọ́tò ni? Ẹ ṣáà mọ̀ pé aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn."

Òótọ́ ni, ẹni tó bá múra dáadáa là ń yẹ́ sí kí a tó mọ irú ẹni tó jẹ́. Kò sì yà mí lẹ́nu pé ilẹ̀ wa ni òwe yìí ti rí ọmọlẹ́yìn tó gbóná tó báyìí. Òṣogbo ìlú aró ló ń rẹ aṣọ láró. Láyé àtijọ́, Ìjẹ̀ṣà òṣómàáló ló ń gbé e kiri tà láwìn, tó ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó yóò fi jáde. Ṣùgbọ́n òṣómàáló mọ ẹni tó wà nínú aṣọ tó tà, ó mọ ilé rẹ̀, torí pé aṣọ kì í san gbèsè. Kì í gbá bọ́ọ̀lù náà.

Àwọn ọ̀gá wa nílé ẹ̀kọ́ kúkú rí àwòkọ́ṣe. Lọ́dún 2018, Nike rán jẹ́sì fún Super Eagles. Nike ti Amẹ́ríkà ni mò ń wí o, kì í ṣe Nike Davies-Okundaye, ìyá aládìrẹ wa. NFF, àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, ní mílíọ̀nù 3 ni wọ́n ti béèrè kó tó dọ́jà. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà, èèyàn tò lọ bẹẹrẹ ní Lọ́ńdọ̀nù nítorí rẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù kan náà, Argentina nà Super Eagles ní 2-1 nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Rọ́ṣíà, wọ́n di ẹrù wálé láti ìpele àkọ́kọ́. Jẹ́sì nìkan ni kò fìdí rẹmi.

Ní Texas ní Amẹ́ríkà, ilé ẹ̀kọ́ gíga Prairie View A&M fìdí rẹmi nígbà 80 léraléra láàárín 1989 sí 1998, nínú bọ́ọ̀lù tiwọn tí wọ́n ń gbé mọ́ àyà sá. Ohun tó fà á kò pamọ́: owó ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí wọn ìbá fi fa agbábọ́ọ̀lù mọ́ra kò sí. Tiwa ńkọ́? Owó wà. Ó wà lára kánópì, ó wà nínú ìrẹsì àlejò. Inú ń bí mi o!

Òwe kò jẹ̀bi. Kò ní ká kí aṣọ ká kọjá lọ. Ènìyàn ló kù tí ẹnikẹ́ni kò tíì kí.

Nígbà tí fèrè ìparí dún, wọ́n gba jẹ́sì lọ́wọ́ àwọn ọmọ náà, wọ́n kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ká a sínú àpò. Ẹnikẹ́ni kò ka àwọn tó ń tiro. Ọmọ tó wọlé rọ́pò yẹn bọ́ bàtà, ó yọ ìwé inú rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún ẹni tó ni ín. Síngílẹ́ẹ̀tì tó ti ya lábíyá ló kù lọ́rùn rẹ̀. Kò sí aṣọ tí n ó kọ́kọ́ kí mọ́.

Mo ní, "Ọmọ mi, o kú iṣẹ́."