Fóònù Wọ Ìpàdé

Láti oṣù Kejìlá ọdún 2013 ni Yorùbá ti wà lára àwọn èdè tí Google Translate ń túmọ̀, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹni tó kọ́ fóònù bí a ṣe ń ṣèpàdé. Ẹ wá wo ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, tí àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí ọ̀hún gbé fóònù kalẹ̀ kí àwọn náà lè máa gbọ́ ohun tí àwọn bàbá ń sọ.

Ohun tí ẹ̀rọ yìí ń fẹ́ kò pọ̀: kí ẹnì kan ṣoṣo máa sọ̀rọ̀, kó sún mọ́ òun, kó sì máa dánu dúró díẹ̀ kí òun lè ráyè túmọ̀. Ní ìpàdé wa kẹ̀? Alága ò tíì kí àwọn ìyá tán tí ẹni mẹ́ta ti nàró. Bí bàbá kan bá wá dánu dúró lóòótọ́, ikọ́ ló fẹ́ wú. Fóònù á rò pé ó ti parí, á fi Gẹ̀ẹ́sì bọnu.

“Ta ló ń já lu ọ̀rọ̀ mi?”

“Ẹ má bínú, bàbá, ọ̀rọ̀ yín náà ni.”

Àdàlù Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá tí gbogbo wa ń sọ tún ń da orí rẹ̀ rú.

Ìgbà tó kan akápò ni fóònù wá di ọ̀tá. “Ẹ̀yin ọmọ wa, ṣé kì í ṣe pé ẹ ń gba ohùn mi sílẹ̀?” Wọ́n ní rárá, pé ó kàn ń túmọ̀ ni. Ó ní kí wọ́n ṣáà pa á ná. Wọ́n pa á. Àwa tí a gbọ́ Yorùbá gan-an, ìṣirò ọdún tó kọjá kò tíì yé wa.