Ìjà Tó Lórin Nínú

Ẹ bá mi gbé àpótí yẹn wá, kí n jókòó. Ní Sátidé, mo ń já ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ lẹ́yìnkùlé, èyí tí mo rà ní gbàǹjo lọ́wọ́ ìyá aláta, obìnrin tó jẹ mí ní ṣéńjì láti ọjọ́ wo... ẹ jẹ́ n fi tìyẹn sílẹ̀ ná. Mo gbọ́ gìtá láti yàrá ọmọ Ìyá Dàpọ̀, ó ń dún wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kí onílé jí. Mo ní áà, ọmọ yìí ti rí olólùfẹ́. Àfi gbàgà! Ìlù bú, gìtá oníná ń han bí ẹ̀rọ ìlọta tí òkúta há sí lẹ́nu, ọkùnrin kan sì ń da ọ̀rọ̀ sílẹ̀ wàràwàrà bí alájàpá tó ń ka gbèsè síni lọ́rùn.

Mo sáré kan ilẹ̀kùn. "Màmá Kẹ́mi, orin ni o!" Ó ní "Chop Suey!" lorúkọ rẹ̀, ti ẹgbẹ́ olórin System of a Down. Mo ní oúnjẹ ilé Ṣáínà kọ́ nìyẹn? Ó ní òun náà ò rí oúnjẹ kankan níbẹ̀.

Ẹ mọ̀ mí, mi ò kì í dé ẹnu ọ̀nà kí n kàn padà. Mo bi í ta ni àwọn olórin náà. Àwọn mẹ́rin ni, Los Angeles ni wọ́n ti ń kọrin, ọmọ Arméníà ni gbogbo wọn. Serj Tankian tó ń pariwo yẹn, Beirut ni wọ́n bí i sí, àwọn òbí àgbà rẹ̀ sì yè nínú ìpakúpa tí wọ́n pa àwọn ará Arméníà lọ́dún 1915. Mo ní hẹn-ẹn! Torí nígbà tó yá, ariwo rọlẹ̀, ohùn kan náà wá fà gùn bí ti ẹni tó ń dárò. Ọ̀rọ̀ tí Jésù sọ lórí àgbélébùú ló ń kọ níbẹ̀. Mo ti ṣe Àmín kí n tó rántí ibi tí mo wà.

Ẹ gbọ́, àwa tá a ń gbé agbo ilé mọ nǹkan kan. Bí tọkọtaya bá ń pariwo lásán, ata wa la ó máa lọ̀. Ìgbà tí ohùn bá wálẹ̀, tí ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ìgbà yẹn lọbẹ̀ ń jóná, torí gbogbo wa ti lẹ̀ mọ́ ògiri. Àwọn ọmọ yẹn mọ̀ ọ́n. Wọ́n á fi dídùn náà tọ́ ọ lẹ́nu, wọ́n á já a gbà, etí rẹ á máa wá a kiri. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ààbọ̀ péré!

Àwo tí orin náà wà nínú rẹ̀, Toxicity, jáde lọ́jọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni àwọn apániláyà wó àwọn ilé gogoro ní New York, iléeṣẹ́ rédíò Clear Channel sì kọ "Chop Suey!" mọ́ èyí tó yẹ kí àwọn rédíò rẹ̀ yẹra fún. Síbẹ̀, wọ́n ti wò ó lórí YouTube ju bílíọ̀nù kan ìgbà lọ. Mẹ́ta níbẹ̀, èmi ni.

Ṣé Ìyá Dàpọ̀ ló ń bọ̀ yẹn? Ẹ yáa bi mí léèrè ẹ̀fọ́.