Àkísà Olówó Bẹntiróò

Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn baba ti ń fi òwe yìí rọ ọ̀dọ́ lápá. Ọmọ tó ra agbádá lánàá lè bá bàbá dọ́gba lójú agbo, ṣùgbọ́n aṣọ tó gbó sí bàbá lára kò sí lọ́jà. Ọdún ló ń rán an.

Àfi ìgbà tó di ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ ọdún 2022, tí àkísà balẹ̀ sọ́jà, lọ́fẹ̀ẹ́. Ọjọ́ náà ni ilé iṣẹ́ Stability AI tú Stable Diffusion sílẹ̀ fún gbogbo ayé: fáìlì gígábáìtì 4 péré, tó ń ya ohunkóhun tí èèyàn bá fẹnu ṣàpèjúwe. Inú àkójọ LAION-5B, tó ń tọ́ka sí àwòrán tó lé ní bílíọ̀nù 5.8 lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n ti ṣa ẹ̀kọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ni àwòrán. Torí ẹ̀ ni Getty Images, tó ń ta fọ́tò, fi gbé Stability AI lọ sí kóòtù lọ́dún 2023. Ọmọ àná wá ní àkísà ju gbogbo àgbà ilẹ̀ Ẹ̀gbá lọ, àkísà olóhun ni gbogbo rẹ̀.

Kò pẹ́ tó fi dé ilé. Lọ́dún 2022 kan náà, àwọn onímọ̀ Google àti Yunifásítì Boston gbé DreamBooth jáde: àwòrán 3 sí 5 ti tó kí ẹ̀rọ fi mọ ojú èèyàn kan. LoRA, tí àwọn onímọ̀ Microsoft ti ṣe lọ́dún 2021, tún mú ẹrù náà fúyẹ́, débi pé kọ̀ǹpútà ilé tó ní káàdì RTX 3060 oní-gígábáìtì 12 lè ṣe é.

Ẹ wá wo bọ̀dá kan tí kò ṣòro rí láàárín Ibafo, Mowe àti Ifọ̀. Aago mẹ́rin ìdájí ló ń jí, kí gòsìlóò Èkó má bàa ká a mọ́nà. Tó bá délé lálẹ́, á kó ogún fọ́tò ara rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. NEPA á mú iná. Á sáré fa okùn jẹnẹrétọ̀ I-better-pass-my-neighbour, torí bí kọ̀ǹpútà bá kú láìtíì tọ́jú iṣẹ́ pamọ́, ó di àtúnbẹ̀rẹ̀. Ariwo, èéfín, aládùúgbò ń ṣépè. Ilẹ̀ mọ́, àwòrán jáde: òun rèé nínú agbádá sányán ní Paris, òun rèé lórí ẹṣin níbi àjọ̀dún Ojúde Ọba, bíi Farooq Oreagba lọ́dún 2024.

Telọ ìsàlẹ̀ ilé ṣì ń retí owó aṣọ Iléyá èṣí.

Irinṣẹ́ náà kò jẹ̀bi. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, Malik Afegbua, oníṣẹ́ fíìmù ọmọ Nàìjíríà, fi Midjourney, irinṣẹ́ mìíràn tó jọ ọ́, ya àwọn arúgbó tó ń yan fanda nínú aṣọ oge, ayé sì kan sáárá sí i. Àgbà tí ìyá kankan kò bí wọ aṣọ tí telọ kankan kò rán, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ àgbà ni Afegbua ń jà fún.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé díẹ̀ ni tiwa nínú òkìtì àkísà náà. Àwọn tó ṣe Stable Diffusion fúnra wọn kọ ọ́ sílẹ̀ pé àṣà àwọn aláwọ̀ funfun ló máa ń kọ́kọ́ sáré sí. Lọ́dún 2023, àwọn olùwádìí kan ròyìn nínú The Lancet Global Health pé àwọn ní kí Midjourney ya dókítà adúláwọ̀ tó ń tọ́jú ọmọ aláwọ̀ funfun. Léraléra ló ń ya ọmọ adúláwọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì aláìsàn.

Bọ̀dá wa ní ohun tó lè fi dí àlàfo yẹn. Ọ̀fàdà onírẹsì kò jìnnà sí Mowe, ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé kan náà ni wọ́n. Àdìrẹ Ìtòkú wà l'Ábẹ́òkúta. Ogún fọ́tò ìrẹsì nínú ewé, ogún fọ́tò àdìrẹ, epo jẹnẹrétọ̀ òru kan. Wọ́n dá a lábàá fún un. Ó ní ta ló fẹ́ tẹ “like” fún ìrẹsì?

Ikùn ló ń bá fà á lọ́wọ́ báyìí. Ó ń kọ́ ẹ̀rọ náà kó máa yọ ọ́ kúrò kí Iléyá tó dé, ó sì ti rán ọmọ lọ ra bẹntiróò lítà méjì sí i.