Ọ̀gá Kò-Sẹ́ni-Tó-Máa-Rí-I

Bí ẹ bá dé Tamale ní Ghana, tí ẹ ní ẹ ń wá ẹni tí yóò bá yín ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì, kíá ni wọ́n á júwe Ọ̀gá fún yín. Láàárọ̀, ẹ ó bá alùpùpù rẹ̀ níwájú ìsọ̀ oníwaakye. Á kí àgbà káàárọ̀ ní èdè ìlú, "Dasiba", á bá onímàálù ṣeré ní Hausa, ṣùgbọ́n tó bá kan owó iṣẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ̀wù fúgù olówó iyebíye ló ń wọ̀. Ọ̀gá àgbà, ayàwòrán kóòdù àti olùdámọ̀ràn ni káàdì rẹ̀ pè é, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ni òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ náà.

Iṣẹ́ rẹ̀ yá, ó sì dùn ún wò. Hajia tó ń ta òrí ti ní tirẹ̀, ọ̀gá aránṣọ tó ń rán fúgù náà ti ní. Tí wọ́n bá ti rí àwòrán ara wọn lókè ojú ìwé, tí àwọ̀ rẹ̀ sì tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á ní Ọlọ́run á bù kún un. Wọn kì í wo ìsàlẹ̀ aṣọ.

Ìsàlẹ̀ aṣọ ọ̀hún sì ni ọ̀rọ̀ wà. Fọ́ọ̀mù orí wẹ́ẹ̀bù ní àlàfo tí oníbàárà ń kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí. Ó tún ní irú kan tí kóòdù ń pè ní hidden: kò hàn sójú, ṣùgbọ́n ó ń bá àwọn yòókù lọ sọ́dọ̀ sáfà, kọ̀ǹpútà tó ń gbé wẹ́ẹ̀bùsáìtì náà, nígbà tí oníbàárà bá tẹ bọ́tìnì. Ó ti wà nínú ìlànà HTML 2.0 tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1995. Ibẹ̀ ni Ọ̀gá wa ń kó gbogbo nǹkan pamọ́ sí: iye owó ọjà, ẹ̀dínwó, owó ìfiránṣẹ́. Tí ẹ bá bi í léèrè, á rẹ́rìn-ín músẹ́: "Kò sẹ́ni tó máa rí i."

Ẹ tẹ F12 lórí kọ̀ǹpútà yín, kóòdù ojú ìwé náà á ṣí, ẹ ó rí i. Fúgù tó jẹ́ 450 sídì, ẹ pa 450 rẹ́, ẹ kọ 1. Ìbéèrè MoMo, owó orí fóònù, á dún: ẹ san sídì 1. Ẹ tẹ PIN. Sáfà á ní ẹ kú owó, á sì ránṣẹ́ sí aránṣọ pé kó di fúgù fún oníbàárà tó ti sanwó.

Ọmọ iléèwé gíga kan lọ fi hàn án.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ohun tí mo rí. Mo yí iye owó padà, ó sì gbà á."

"Àbúrò, ta ló ní kó o máa tú inú wẹ́ẹ̀bùsáìtì onílé kiri? Oníbàárà gidi kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

Síbẹ̀, Ọ̀gá kò sùn lóru ọjọ́ náà. Ó kọ́kọ́ dínà mọ́ ọ̀tún eku kọ̀ǹpútà, ó fi lẹ́tà pupa kọ ọ́ pé èèwọ̀ ni. Ọmọ náà ní F12 ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó yí orúkọ àlàfo náà kúrò ní price, ó di xq7. Ọmọ náà tún rẹ́rìn-ín. Ló bá fi base64 dì í, 450 di NDUw, ó ní ààbò àwọn ológun nìyẹn. Base64 kò ní kọ́kọ́rọ́ kankan. Ẹnikẹ́ni ló lè tú u ní ìṣẹ́jú àáyá. Lẹ́yìn náà ló wá fi ìdánwò kún un, kí oníbàárà fi hàn pé òun kì í ṣe róbọ́ọ̀tì. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n làpálàpá ni Ọ̀gá gba owó rẹ̀.

Àṣìṣe kí wọ́n máa gbé iye owó sínú àlàfo hidden ti pẹ́. Ní oṣù kejì ọdún 2000, iléeṣẹ́ Internet Security Systems ní Amẹ́ríkà kéde pé òun bá a nínú ètò ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá.

Wẹ́ẹ̀bùsáìtì iléèwé tó ṣe tilẹ̀ burú ju ti ọjà lọ. Nọ́ńbà akẹ́kọ̀ọ́ ló fi pamọ́ sínú àlàfo hidden. Ẹ yí 0417 sí 0418, èsì ìdánwò ọmọ ẹlòmíràn á ṣí sílẹ̀ gbayawu. Òfin Ghana lórí ààbò ìsọfúnni ara ẹni, Act 843 ti ọdún 2012, ní kí ẹni tó gba ìsọfúnni èèyàn dáàbò bò ó. Ọ̀gá pa òfin mọ́ lọ́nà tirẹ̀: ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ ojú ìwé pé àṣírí yín ṣe pàtàkì sí wa.

Àlàfo hidden kọ́ ló ṣẹ̀. Ó wúlò láti gbé àmì àìròtẹ́lẹ̀ tí sáfà fúnra rẹ̀ fi síbẹ̀, tí yóò fi mọ̀ pé ojú ìwé òun ni fọ́ọ̀mù ti wá. Ó lè gbé nọ́ńbà ọjà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n sáfà ni kó lọ wo iye owó nínú ìwé ara rẹ̀, kó sì rí i pé owó tí MoMo ní ó wọlé bá a mu, kó tó ní kí wọ́n di ẹrù. Àwọn òbí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbẹ́tì àti Ìgbòho tó ń tajà ní Tamale kí òfin ìjọba Busia ní Ghana tó lé wọn ní ọdún 1969 mọ èyí dáadáa. Wọ́n á jẹ́ kí ẹ ná ọjà títí ilẹ̀ á fi ṣú, ṣùgbọ́n wọn kì í gbé gègé fún oníbàárà pé kó kọ iye tó wù ú sínú ìwé àwọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbé iṣẹ́ fún Ọ̀gá, kí ẹ tó san ìyókù owó rẹ̀, ẹ fi ṣọ́ọ̀bù ara yín dán an wò. Ẹ tẹ F12, ẹ yí iye owó ọjà sí 1, ẹ tẹ bọ́tìnì. Bí MoMo bá béèrè sídì 1, sídì 1 náà ni kí ẹ san fún un.