Bàbá Ọ̀dọ́

Iwájú ló máa ń jókòó bí ọkọ̀ bá ń ti Ìlọrin bọ̀ ní Malete. Ọmọ iléèwé tó ti wà níbẹ̀ kó tó dé yóò dìde fún un dandan, nítorí ó ti fọhùn: "Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ò mọ àgbà mọ́." Ọmọ náà á kó báàgì rẹ̀, á lọ fún ara rẹ̀ mọ́ àárín agbọ̀n tòmátì lẹ́yìn. Kò ní pẹ́ tí ọmọbìnrin kan á fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, á ní: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún dírẹ́bà." Ojú ọkùnrin wa á korò bí ẹni gbé ewúro mì. "Ta ni Bàbá? Bọ̀dá lò ń bá sọ̀rọ̀."

Àgbà ni níbi ìjókòó, ọmọdé ni létí ọmọge. Bàbá Ọ̀dọ́ ni mo sọ ọ́, ẹ sì mọ̀ ọ́n, nítorí pé ẹyọ kan kọ́, agbo ni wọ́n.

Kí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara tó bẹ̀rẹ̀ ní 2009, abúlé àgbẹ̀ ni Malete. Ẹni tó bá hu ewú nígbà náà ń jẹ́ kí aráyé rí i. Ìgbà tí àwọn ọmọ ọlọ́mọ kún ìgboro ni ewú di ohun ìtìjú. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni Bàbá Ọ̀dọ́ ń po Bigen tirẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ló ń jókòó sí, dígí lórí itan, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó lọ́wọ́, á máa kun irùngbọ̀n níkọ̀ọ̀kan bí ẹni ń kọ wàláà. Tó bá di Jímọ̀, irun náà á dúdú kọjá bí Ọlọ́run ṣe dá a, á dà bí ìdí ìkòkò. Tó bá fi máa di Ọjọ́rú, funfun á ti máa yọ nídìí bí òwú tó ń là. Bí ooru bá wá mú un nínú ọkọ̀, òógùn dúdú á ṣàn wọ ọrùn jalabíà. Gbogbo wa á wo ojú fèrèsé.

Ṣùgbọ́n irùngbọ̀n kéré. Ọ̀rọ̀ wà nínú ìwé.

Ìwé Bàbá Ọ̀dọ́ ní 1968 ni wọ́n bí i. Ìwé ìbúra ni, kóòtù ni wọ́n ti ṣe é, ẹni tó sì búra fún un pé ìṣojú òun ni wọ́n bí i fi ọdún méjì kéré sí i. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé Bàbá Ọ̀dọ́ fẹ́ràn ìtàn. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, á máa ròyìn bí àwọn ṣe jó lọ́jọ́ tí Gowon dá ìpínlẹ̀ 12 sílẹ̀, tí a fi bọ́ lábẹ́ Kaduna. Oṣù Karùn-ún 1967 nìyẹn. Ìwé rẹ̀ ní wọn ò tíì bí i nígbà tó ń jó. Á ní kọ̀ńdọ́ lòun nígbà tí ọkọ̀ fi apá òsì sílẹ̀ tó bọ́ sí apá ọ̀tún títì, ní 2 oṣù Kẹrin 1972. Ọmọ ọdún 4 ń gba owó ọkọ̀! Á ní òun fi tọ́rọ́ jẹ àkàrà yó, kí náírà tó dé ní 1973. Akọ́bí rẹ̀ wáyé ní 1982. Ẹ bá mi fi ìka ṣírò rẹ̀. Àbúrò rẹ̀, tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà, ti fẹ̀yìntì ní 2023 bí òfin iṣẹ́ ìjọba ṣe wí: ọdún 60 láyé tàbí ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ pé. Ẹ̀gbọ́n di 2028. Àbúrò ti wá di ẹ̀gbọ́n fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì rẹ́rìn-ín ní ọ́fíìsì.

Bí ẹ bá bi í, ìdáhùn kan ló ní: "Wọn kì í kọ ọ́ sílẹ̀ láyé ìgbà yẹn."

Òótọ́ ni, wọn ò kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ ọ́n. Ìyá tí kò mọ̀wé mọ ẹni tí wọ́n jọ lóyún, ó mọ ọmọ tí wọ́n jọ pọ̀n, ó mọ̀ bóyá iṣu tuntun ti jáde lọ́jọ́ tó rọbí. Iléèwé pàápàá ní òṣùwọ̀n tirẹ̀: kí ọmọ na apá kọjá lórí, kó fi ìka kan etí kejì. Ọwọ́ tó bá kan etí ti tó iléèwé lọ. Bàbá Ọ̀dọ́ na apá nígbà náà, ó kan etí. Bí wọ́n bá ní kó nà á lónìí, á ní ọwọ́ òun ò tíì tó o.

Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Ọjọ́ tí akọ́bí wọn bímọ ni àdúgbò ti sọ ọ́ di Ìyá Àgbà, kò sì tíì pé 45. Kò sẹ́ni tó ní kó lọ búra.

Ọkọ Ìyá Àgbà yìí ni ẹgbẹ́ òṣèlú wá fi ṣe olórí àwọn ọ̀dọ́. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ ti 2019 ní láti 15 sí 29 ni ọ̀dọ́. Àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà lawọ́ díẹ̀, ó gbé e dé 35. "Agbára ni ọ̀dọ́, kì í ṣe ọdún," ni Bàbá Ọ̀dọ́ wí, tó ń mí helehele lẹ́yìn tó gun àtẹ̀gùn mẹ́ta. Àmọ́ bí ìrẹsì ìjọba bá dé, tí wọ́n ní kí àwọn arúgbó kọ́kọ́ gbà, òun lẹ ó bá níwájú ìlà, pẹ̀lú ọ̀pá tí n kò rí lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Wọ́n ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Èyí jẹ àjẹìwẹ̀yìn tán, ó tún rí ọmọdé bá a ru igbá.

Ní 2018, ará Hóláńdì kan, Emile Ratelband, ẹni ọdún 69, gba ilé ẹjọ́ lọ ní Arnhem pé kí wọ́n yọ ọdún 20 kúrò nínú ọjọ́ orí òun. Adájọ́ kọ̀ jálẹ̀: ẹ̀tọ́ ìdìbò, ìgbéyàwó, lílọ sí iléèwé, ọjọ́ orí ni wọ́n so mọ́. Ọ̀gbẹ̀rì ni Ratelband. Òótọ́ ló lọ sọ fún adájọ́! Ká ní Bàbá Ọ̀dọ́ ló fọ̀rọ̀ lọ̀, oòrùn ò ní kan àtàrí kó tó di ẹni ọdún 49.

Mo ti ń fi ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n olè ni. Ọmọ kan wà tó ń gun ọ̀kadà nítòsí gáréèjì wa, ó ti gboyè, ó ti sin ilẹ̀ baba rẹ̀. Ọjọ́ orí tirẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà, ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀, kóòtù kankan ò lè gbà á sílẹ̀. Ó rí ìpolówó iṣẹ́, wọ́n ní ẹni tó bá ti ju 26 lọ kó má wulẹ̀ kọ̀wé. Ọmọ ọdún 27 ni. Ó ti gbó jù fún iṣẹ́, nílùú tí ẹni ọdún 65 ti kéré jù láti fi àga sílẹ̀.

Mo pàdé Bàbá Ọ̀dọ́ ní gáréèjì lọ́sẹ̀ tó kọjá, fáìlì lábẹ́ abíyá. Mo bi í pé níbo. Ó ní kóòtù ni, pé àṣìṣe díẹ̀ wà nínú ọdún ìbí òun.